Bàálù Tó Jókòó Lé Ìrù Rẹ̀

Òórùn gbágùúdá tí a rẹ, tí a wá ń sá, kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń yìn, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Ó kan, ó sì ń ta sí imú, bí ẹni pé ògì àná àti òkúta gbígbóná pàdé ara wọn. Lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ti máa ń sá a, kálukú pẹ̀lú àyè tirẹ̀ tó fi òkúta wẹ́wẹ́ pààlà sí. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí mò ń fi ọwọ́ fọ́ èyí tó dì, tí mo sì ń fi ẹnu lé ewúrẹ́ oníwọ̀ra kan, nígbà tí Ìyá, ìyá tó bí màmá mi, dúró nísàlẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, tó pariwo pé kí n sọ̀kalẹ̀, Bọ̀dá Kàdúná ń bọ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Olùkọ́ ni màmá mi ní Òde-Èkìtì, èmi sì ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Ìyá, àwọn òbí rẹ̀. Bọ̀dá Kàdúná ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, àkọ́bí ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti rí i rí, ibi ìsìnkú ni gbogbo rẹ̀, kò sì jókòó ju ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ jẹ abọ́ ìrẹsì kan.

Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, Ìyá ní, “Uṣẹ́ ló gbé e wá Adó. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wá kí wa.” Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Òtẹ́ẹ̀lì ló ní òun máa sùn.”

Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Èkìtì bíi tèmi mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára. Láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ènìyàn kì í tíì jẹ bọ̀ọ̀lì kan tán nínú mọ́tò tí yóò fi dé. Kí àkọ́bí wá máa sanwó ibùsùn ní Adó, kí bàbá rẹ̀ sì wà láyé, nínú ilé tí bàbá náà fúnra rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀! Ìyá kò sunkún. Ó kàn ń nu àpótí ìjókòó tí kò dọ̀tí.

Bí a ṣe ń kó gbágùúdá sínú àpò ló sọ ìtàn náà fún mi. Káfíńtà ni Bàbá, èyí tí wọ́n ń wá láti Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè nítorí àga rẹ̀ kì í mì. Ó ti pinnu pé àkọ́bí òun ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀wé, nígbà tó sì wà ní fọ́ọ̀mù fọ̀, òyìnbó tó ń kọ́ wọn ní físíìsì fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní páálí kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Bàálù kékeré ló wà nínú rẹ̀, ti rọ́bà líle, ní wẹ́wẹ́wẹ́, tí ènìyàn yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ọjọ́ méjì ni ọmọ náà fi ń ka ìwé inú rẹ̀, kò tíì gé ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kẹta ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni òun fẹ́ kọ́, kì í ṣe pákó. Bàbá gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè àjà. Bí ọmọ náà ṣe ṣe ìdánwò àṣejáde tán, ó bá èrò Kàdúná lọ. Ó kọ́ ẹ̀rọ náà níbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ìyá ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀, ó ń ti ìfági rẹ̀ lórí pákó lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ní kí n bá òun di àkàsọ̀ mú. Ó gun àjà, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wú ikọ́ nínú eruku, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n fi bébà àpò sìmẹ́ńtì wé. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n nínú bébà yẹn, páálí náà mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á: bàálù aláwọ̀ fàdákà, ẹ́ńjìnnì méjì lábẹ́ apá, tó ń gba àárín ìkùukùu kọjá.

Ó ṣí i, òórùn korobá tuntun jáde. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́ igi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran ara ṣe ń so mọ́ eegun ẹja, òmíràn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Gúlù tó bá a wá ti gan bí òkúta.

“Ṣé o lè ka òyìnbó yìí?” ó bi mí.

“Mo lè kà á, Bàbá.”

“Ó dáa. Ìwọ lojú, èmi lọwọ́.”

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, Bàbá yóò ti gbá orí tábìlì iṣẹ́ mọ́, yóò ti tẹ́ bébà ìròyìn, yóò sì fọ ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ọṣẹ bí ẹni tó fẹ́ jẹun níwájú àlejò. Gúlù funfun tí wọ́n fi ń lẹ pákó ló kọ́kọ́ lò. Nígbà tó gbẹ, ó ṣí kúrò bí awọ ẹnu wàrà. Ó gbìyànjú ti oníbàtà, ìyẹn ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Níkẹyìn ó ní kí n lọ ra súpà gúlù, ó sì ń fi ẹnu igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo tọ́ ọ, kíún báyìí, kó má baà ṣàn. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín láti fi di ara rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kò sì sí ẹ̀yà kan tó lẹ láìkọ́kọ́ dán an wò lásán, kó yọ ọ́, kó fi bébà oníyanrìn ha á díẹ̀, kó tún dán an wò.

Mo fẹ́ kí o rí ọwọ́ yẹn. Àtàǹpàkò òsì kò ní èékánná, ayùn ti mú un lọ ṣáájú ìbí mi. Àwọn ìka náà nípọn, wọ́n sán bí èèpo igi. Síbẹ̀ mo rí wọn tí wọ́n gbé ìjókòó awakọ̀ tó kéré ju ẹ̀wà lọ, tí wọ́n fi í sí àyè rẹ̀ láìgbọ̀n, tí Bàbá á sì dá èémí dúró títí yóò fi mú. Nígbà náà ni yóò tó mí, èmi náà á mí. Mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni látìgbà náà tó bọ̀wọ̀ fún nǹkan kékeré tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara rẹ̀ pọ̀, mo ka ibi tí ó kàn. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi nǹkan wúwo sínú imú rẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Nǹkan tó fẹ́ fò, kí n di òkúta lé e nímú?”

“Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, sà.”

“Mo gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi ń to nǹkan pọ̀, ọmọ yìí. Ka èyí tó tẹ̀ lé e.”

Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé ìwọ lè bá àgbà jiyàn lẹ́ẹ̀mejì ní ọmọ ọdún mọ́kànlá?

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ, Bàbá sì gbé e kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, jẹ́jẹ́, ìrù rẹ̀ sì kan tábìlì kọ́. Bàbá tẹ imú náà wálẹ̀. Ó tún gòkè. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá gbé omi wọlé.

“Bàbá, bàálù lẹ kàn àbí ajá?” ni Ìyá wí. “Ẹ wò ó bó ṣe jókòó tó ń retí eegun.”

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di ògiri mú. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín, èmi ló ń wò. Mo pa ẹnu mọ́, mo ń retí kó sọ pé n kò kà á dáadáa. Ó kàn ní, “Tún ibi yẹn kà fún mi.” Mo tún un kà. Ó mi orí. “O kà á ire. Èmi ni mi ò gbọ́.”

Ìyá ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí Bàbá lẹ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ pákó dídán kan, ta ló máa mọ̀? Òótọ́ sì ni, Bàbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gúlù láti dí ojú àléébù. Ó mú ègé igi ọ̀gànwó kan, ó fá a títí ó fi ń dán, ó gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó jù ú sáàárín àjákù igi.

“Ọmọ yẹn á mọ̀,” ó ní. “Ó ti ka ìwé yẹn kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ojú Ìyá rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń ba èmi náà, ni pé kí Bọ̀dá rí ajá orí tábìlì yìí, kó rò pé wọ́n tún bà á jẹ́ fún òun, kó sì yí mọ́tò padà sí Adó láìtún wẹ̀yìn wò.

Ó dé ní Sátidé, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó yá jù, bí ẹni tó ń sanwó mọ́tò. Ìyá ti gún iyán. Bọ̀dá ní òun ò ní pẹ́.

“Wá wo nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù,” ni Bàbá wí.

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Bàálù náà wà lórí tábìlì, imú lókè, ìrù nílẹ̀, oòrùn fèrèsé sì bọ́ sórí apá rẹ̀. Bọ̀dá Kàdúná dúró gbagidi. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ yí padà, tó dà bí ti ọmọdé.

“Ta ló tò ó?”

“Èmi ni.” Bàbá kò jókòó. “Ọmọ yìí kà á fún mi pé kí n fi nǹkan wúwo sí imú rẹ̀. Mi ò gbà. Mo rò pé mo mọ̀. Ìwọ náà sọ tìrẹ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́jọ́ kìíní. Mi ò gbà. Mo rò pé mo mọ̀.”

Ó tán. Kò sí òwe níbẹ̀, kò sí “ṣùgbọ́n”. Ní gbogbo ayé mi, mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, tí ọmọ kékeré sì wà níbẹ̀.

 Bọ̀dá tú aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. “Ọdẹ ẹ̀yìn ilé yẹn ṣì wà?”

“Ó wà,” ni Bàbá wí.

Ó yíjú sí mi. “Sáré lọ tọrọ ọta ìbọn wá. Èyí wẹ́wẹ́ ni o.”

Mo sáré. Ọdẹ náà bi mí léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ pa, mo ní bàálù ni. “Ní Ìkẹ́rẹ́ yìí kẹ̀?” ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ka ọta sínú bébà fún mi. Nígbà tí mo padà dé, Bọ̀dá ti fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kékeré sí abẹ́ imú bàálù náà, Bàbá sì di ara rẹ̀ mú.

“Ẹ má mì, Bàbá.”

“Mi ò mì.”

“Ẹ ń mì, sà.”

“Ìwọ lò ń mì.”

Àwọn méjèèjì ló ń mì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Bọ̀dá ń ju ọta náà sínú ihò, èmi ń kà á. A dé méjìlá, kò sí nǹkan kan. Ní ẹ̀kẹtàlá, imú náà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì dúró síbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìda oyin ni wọ́n fi dí ihò náà. Iyán ti tutù, Ìyá ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, Bọ̀dá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tún bu sí i. Ó fọ ọwọ́, ó wá bi Ìyá léèrè bóyá yàrá òun ṣì wà.

“Ibo ni ì bá lọ?” ni Ìyá wí. “Ulé rẹ mà nìyí.”

Ẹrù rẹ̀ wà ní òtẹ́ẹ̀lì títí di ọjọ́ kejì. Aṣọ ìbora Bàbá ló ró mọ́dìí tó fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ń fi pákò fọ eyín.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé wọn kò tún jà. Wọ́n jà lórí òrùlé, wọ́n jà lórí ìbò. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Bọ̀dá ń wálé, yàrá rẹ̀ ló sì ń sùn, títí Bàbá fi lọ sinmi. Bí àwọn ènìyàn bá ń yin Bàbá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó le ju ti ọwọ́ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó wù mí kí n jọ ọ́. Kò rọrùn.

Ní oṣù tó kọjá, kọ́kọ́rọ́ ilé wa sọnù. Mo ní ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ló fi ṣeré. Ó ní, “Màmá, inú báàgì yín ló wà.” Mo gbá a létí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú báàgì mi, níbi tí aṣọ inú rẹ̀ ti ya. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí n sọ òtítọ́, ni kí n ra bísíkíìtì fún un, kí n má sọ nǹkan kan. Mo ti mú owó dání. Mo wá dá a padà, mo pè é, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ náà hàn án. Mo ní, “Inú báàgì mi ló wà, bí o ṣe wí. Mo nà ọ́ lórí òtítọ́, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Bí mo bá tún kọ̀ láti gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn, má dákẹ́ o, ọmọ mi. Tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀kejì, kódà bí mo bá lejú mọ́ ọ.”