Ọrùn Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Òórùn fóòmù tó ti mu òógùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni, nílé àwọn òbí mi ní Sùúrùlérè: èmi nìyí lórí àga, kọ́là líle tí ilé ìwòsàn fi de ọrùn mi, àgbọ̀n mi kọjú sókè bí ẹni tó ń wá aláǹgbá lára òrùlé. Sítóòfù ló gbiná mọ́ mi lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ súnkì, ó fa àgbọ̀n mi mọ́ àyà. Àwọn dókítà la àpá náà, wọ́n bó awọ díẹ̀ ní itan mi, wọ́n fi bo ibẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohun tó kù ni pé kí awọ tuntun náà má tún súnkì.

Ibẹ̀ gan-an ni orí mi ti dàrú. Dókítà ní kí n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ní ẹyin á jẹ́ kí egbò kẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n máa fi òróró pa awọ náà, èkejì ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn, mi ò mọ̀ bóyá kí n jẹ ẹyin! Ọ̀rọ̀ kọ́là nìkan ni kò ní àríyànjiyàn: oṣù mẹ́fà, tọ̀sán tòru, orí kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú.

Ìyá mi jẹ́ tíṣà ní Yábàá àti akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ á rọ́ dé láti wò mí. Mo máa ń kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú mi á máa wo òkè bíi ti sọ́jà.

“Ẹ ò rí i?” Ìyá Ìjọ, àgbà wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀. “Yunifásítì ti mú ọrùn ọmọ yìí le!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Ìṣẹ́jú méjì ni ìkíni. Ṣé kọ́là yẹn á sá lọ ni?”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú u nìyẹn. Àlejò á dé, màá tú kọ́là, màá tẹrí ba, ojú á sì máa tì mí láti tún un so níwájú wọn. Ìṣẹ́jú méjì di wákàtí méjì. Nígbà tó di oṣù kejì, ìlà líle kan ti yọ lábẹ́ àgbọ̀n mi, awọ náà ti ń súnkì.

Inú bí mi. Mo kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin sí dókítà, mo to ẹ̀sùn mọ́kànlá: nọ́ọ̀sì tó sọ tibí, èyí tó sọ tọ̀hún, fóòmù tí kò bá ọrùn mi mu. Dókítà kà á tán níwájú mi, ó dá a padà fún mi, ó fọwọ́ tọ́ ìlà náà.

“Ìgbà wo lẹ máa ń tú kọ́là?”

“N kì í tú u!”

Ìyá mi tó bá mi wá ní, “Ó máa ń tú u kí àgbà. Èmi ni mo ní kó tú u.”

“Mà, tí ọrùn yìí bá súnkì, a máa tún un là ni. Ẹ jọ̀ọ́, kó má tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́rin.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn ìyá ìjọ tún dé. Mo kúnlẹ̀ tèmi ti kọ́là. Ni ìyá mi bá kúnlẹ̀ tì mí, ó tẹrí ba títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. “Ẹ káàsán mà. Tèmi nìyẹn.” Ó tún tẹrí ba. “Èyí ni tiẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ń dójú tì mí ni, mo sì bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Jẹ ẹyin rẹ.”

Ọrùn mi bọ́ sípò dáadáa. Mo ti dàgbà ju ìyá mi ìgbà yẹn lọ báyìí, lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ mi. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn yẹn ṣì tọ̀nà lójú mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fi ìyá mi ṣe ìkejìlá. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ pósí, mo tẹrí ba. Mo tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kejì, bó ṣe máa ń ṣe fún mi. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló gbé mi ṣubú.