Ìwé Èdè Àwọn Arúgbó

Òórùn òrí ni ó máa ń jí mi ní Bódìjà. Ní kùtùkùtù, Màmá Ìgbòho, ìyá bàbá mi, á jókòó sí etí ibùsùn tí a jọ ń sùn, wọ́n á máa fi òrí pa orúnkún, wọ́n á sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Èmi á rẹ́rìn-ín, mà á mi orí. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Kánádà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, a kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí a dé. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn òbí mi ń bá mi sọ, kí n má baà rẹ̀yìn ní ilé-ìwé. "Yóò gbọ́ Yorùbá lójú títì," ni bàbá mi máa ń wí. Títì wo? Ọkọ̀ ni ó ń gbé mi lọ, tí ó ń gbé mi bọ̀, géètì wa kì í sì í ṣí sílẹ̀.

Nínú àwọn ìwé tí bàbá mi kó dé, ọ̀kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí eruku bà lé. Ìwé atúmọ̀ èdè ni, Ojíbúwè sí Gẹ̀ẹ́sì, èdè àwọn kan tí wọ́n ti wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé mi lé itan. "Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń sọ, inú ìwé yìí ni yóò wá a sí." Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní tèmi, inú mi dùn. Mo ṣáà ní ìyá àgbà, ìwé sì wà nílé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, bàbá mi wà ní yunifásítì, ìyá mi sì sáré lọ ra ẹ̀wà ní ọjà. Ibà ti dá Màmá Ìgbòho dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta; ìyá mi ní kí n jókòó tì wọ́n. Lójijì ni Màmá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná. Wọ́n sọ nǹkan kan, wọ́n tún un sọ, mo sì rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Òwe kan ṣoṣo tí ìyá mi ti túmọ̀ fún mi ni pé abèèrè kì í ṣìnà. Mo bá já ọwọ́ mi gbà, mo sáré lọ bi ìwé.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí pépà bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo gun àga, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo rí bí wọ́n ti ń pe béárì, mo rí bí wọ́n ti ń pe yìnyín, n kò rí ti Màmá. Mo rò pé n kò wá a dáadáa ni, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí ìyá mi dé, tí mo gbọ́ igbe wọn láti yàrá tí Màmá dákẹ́ sí, ìwé ni mo ṣì ń ṣí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fún bàbá mi ní pépà náà pé kí wọ́n bá mi wá a. Wọ́n kà á, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀. Wọn kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kejì ni Yorùbá di èdè ilé wa, kò sì pé ọdún kan tí mo fi túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi: "Ẹ̀rù ń bà mí. Má fi mí sílẹ̀."

Challenge, ní ìlú kan náà, ni mo ń gbé báyìí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ni ó kù ní Bódìjà. Wọ́n tún pè mí lánàá. "Ṣé o máa ráyè wá lọ́la? Ilé yìí ti dá jù." Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ní kò burú, Ọlọ́run á fún mi lókun. N kì í bá ọmọ ọdún méje yẹn wí mọ́. Òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ó sì sáré. Èmi gbọ́, mo sì jókòó.