Orí Dókítà, Ara Olóyè

Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní mo fẹ́ràn ọjọ́ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ Sátidé ni bàbá tó bí ìyá mi máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí wọ́n á ní ká jọ lọ sí àbàtà ẹ̀yìn Ìbà, níbi tí òórùn ẹrẹ̀ ti máa ń lẹ̀ mọ́ni lára títí di ọjọ́ Ajé. Dókítà ni wọ́n. Gánà ni wọ́n ti wá, wọ́n fẹ́ ìyá àgbà mi, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn oníyàrá mẹ́ta sí Òkokomáíkò. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, egbò àti èébì ni wọ́n ń bá yí. Èmi rò pé ẹni tó bá ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á fẹ́ máa ya fọ́tò òdòdó. Rárá o! Igún tó ń fa ìfun òkú ajá yọ ni Bàbá ń wá kiri. Olú tó hù lórí ààtàn. Ìdin. Mo rántí ìdin yẹn dáadáa, torí èmi ni mo di ẹ̀ka igi mú kó má bàa bo ojú kámẹ́rà, mo sì bì sórí bàtà ara mi.

Bàbá kì í ya ènìyàn. Wọ́n ní àwọn ti ń wo ènìyàn láti ọjọ́ Ajé, ó tó gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá wá rí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n á da ikùn délẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á máa wọ́ sún mọ́ ọn. Àwọn obìnrin tó ń ti oko ẹ̀fọ́ bọ̀ á dúró, wọ́n á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

“Dókítà, ẹ ò dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àna yín, ọ̀pọ̀lọ́ lẹ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún!”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ńṣe ni Bàbá máa ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, àtọba àtalágbàfọ̀. Àwọn ẹbí ìyá àgbà mi kò dárí ìyẹn jì wọ́n rí.

Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí Bàbá tó kú. Àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà, tá à ń pè ní Bùrọ̀dá, ní ìsìnkú olóyè ni òun máa fi sin bàbá òun. Ta ló fi wọ́n joyè? Kò sẹ́ni tó bi í. Àmọ́ pósítà òkú gbọ́dọ̀ ní fọ́tò, a ò sì rí fọ́tò Bàbá kankan. A tú àpótí mẹ́sàn-án. Ewé, igún, alákàn, ewé. Bùrọ̀dá ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Fọ́tò kan wà. Èmi ni mo yà á, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí Bàbá gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ bò wọ́n dé àyà, ìdí wọn wà lókè, ọ̀pọ̀lọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín hàn, àti ibi tí eyín ti ká. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Inú báàgì mi ló wà ní gbogbo ìgbà tá à ń tú àpótí. Mi ò mú un jáde. Mo ti ń rí bí àwọn ìyàwó Bùrọ̀dá ṣe máa yínmú sí ẹrẹ̀ yẹn, ojú sì tì mí.

La bá gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò kan lọ ní Ọ̀jọ́.

“Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi wá orí wọn,” ló wí. “Ara wà ńlẹ̀.”

Ó fa dúrọ́à kan yọ. Fọ́tò ara nìkan ló kún inú rẹ̀: agbádá oríṣiríṣi, ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pá àṣẹ, kò sí orí kankan. Mo ti rí òkú nílé ìwòsàn Bàbá, kò rí mi lára tó dúrọ́à yẹn.

Orí kan ṣoṣo tí Bùrọ̀dá rí ni ti inú káàdì tí ìjọba fi ń fún àlejò láyè láti gbé ìlú. Nígbà tí ìjọba lé àwọn ará Gánà kúrò nílùú, káàdì yẹn ni Bàbá fi dúró, kò sì kúrò lápò àyà wọn mọ́ láti ìgbà náà. Oníṣẹ́ fọ́tò fi sísọ́ọ̀sì gé orí kúrò lára rẹ̀. Etí kan bá sísọ́ọ̀sì lọ. Ó ní kò séwu, fìlà máa bò ó. Ó fi ahọ́n lá ẹ̀yìn orí Bàbá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbádá, ó tún gbogbo rẹ̀ yà.

Bùrọ̀dá pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó! Bigi man! Bàbá mi ti wá dèèyàn báyìí.”

Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́ sí i lójú.

Wọ́n lẹ pósítà yẹn mọ́ géètì ilé wa ní Ìbà, wọ́n kọ “Olóyè” sí i, wọ́n wá kọ orúkọ Gánà gígùn kan tẹ̀ lé e. Ní Òkokomáíkò, Dókítà ni gbogbo ayé ń pe Bàbá, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ míì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mò ń wo ẹnu ọ̀nà, mò ń retí àwọn aláìsàn wọn. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló wá. Bùrọ̀dá ní aláìmoore ni wọ́n, gbogbo wọn pátá. Mo bá a bú wọn.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, mo pàdé obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń yan ẹja ní Òkokomáíkò. Bàbá ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Àbúrò mi,” ó ní, “nígbà wo lẹ máa sin Dókítà? Mo ti fọ aṣọ mi sílẹ̀. A ti wá sí Ìbà lẹ́ẹ̀kan, a pọ̀ gan-an, bọ́ọ̀sì méjì la gbà. Wọ́n ní ojúlé yẹn ni, àmọ́ ìsìnkú olóyè kan la bá ńbẹ̀. A wo fọ́tò rẹ̀ títí, a ò mọ̀ ọ́n. La bá pa dà sílé.”

Mo ní a ti sin wọ́n.

“Ẹ ti sin wọ́n? Láì jẹ́ ká gbọ́?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò sì lè sọ fún un pé Dókítà ni olóyè yẹn.