Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹnu Ọ̀nà

Obìnrin tó ń jó irin pọ̀ ni. Ìyá Ajórin ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ. Bí èèyàn bá bi í, á ní àbúrò òun ọkùnrin lòún bí. Òun ló ń pọ̀n ọ́n kiri láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, títí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà fi kọ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀yìn kọ̀ ló ṣe àga onítáyà àkọ́kọ́.

Aládùúgbò kan ní òun náà fẹ́. Òmíràn tún dé. Àdúgbò tálákà, aláàbọ̀ ara pọ̀ níbẹ̀ bí eruku. Wọ́n gba ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò wò, wọ́n sọ ọ́ di ilé ara wọn. Adití ń ránṣọ níbẹ̀. Afọ́jú ń hun apẹ̀rẹ̀. Àbúrò Ìyá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìyá fúnra rẹ̀ ló da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọnkéré sẹ́nu ọ̀nà, kí táyà lè rí ibi gùn wọlé. Láìsí i, àtẹ̀gùn gíga ni. Ìta lẹni tí kò lẹ́sẹ̀ á jókòó sí.

Òkúta, olórí àwọn ọmọ ìta, ní ilé náà wu òun fún ilé ọtí.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Òòlù. Igi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́, wọ́n fọ́ ọ yángá.

"Ẹ kó ẹrù yín," Òkúta wí. "Bí ẹ ò bá lè gbé e, ẹ fà á."

Àbúrò Ìyá yí àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. "Bùọ̀dá Òkúta, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ wà nínú ilé."

Igi ni wọ́n fi dá a lóhùn. Lẹ́nu. Àga dojú dé. Eyín rẹ̀ mẹ́ta, funfun, láàárín òkúta wẹ́wẹ́.

Adití kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ránṣọ lọ ní tirẹ̀. Wọ́n lù ú ní ìpàkọ́. Orí rẹ̀ balẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń wọ inú aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Afọ́jú gbọ́ èémí ẹnì kan nítòsí, ó nawọ́, ó gbá ọ̀fun mú. Kò jù ú sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá ò jìnnà. Ó dé tòun ti páìpù irin. Kò pariwo.

Òkúta rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ jó mi pọ̀ ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ tú ọ."

Orúnkún. Ó dún bí igi gbígbẹ. Nígbà tí Òkúta ṣubú, Ìyá tún lu ibẹ̀. Ó tún lù ú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Òkúta wọ́ ọ lọ bí àpò.

Ilé ò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní ti tán sórí egbòogi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà ní fífọ́. Adití ló ń pọn èèyàn wọlé láràárọ̀. Àwọn tó wúwo jókòó sílé wọn. Ilé ń ṣófo.

Nígbà tí òjò tún padà, Òkúta dé. Ìdí ló fi ń wọ́ bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn níbi itan, èkejì ò sì lágbára tó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lólórí mìíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

Àbúrò Ìyá ló fi ẹnu tí eyín mẹ́ta ò sí níbẹ̀ mọ́ rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá Òkúta, bí ẹ ò bá lè gbé e, ẹ fà á."

Òkúta wo ilẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Mo mọ̀. Mo mọ ibi tí mo lù." Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi okùn wọn ìdí rẹ̀, ó wọn itan, bó ṣe máa ń wọn gbogbo ènìyàn. "Màá ṣe àga fún ọ. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò gbà wọlé?"

Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ọwọ́ rẹ ṣì pé. Pò ó."

Ó pò ó ní ìjókòó, nínú ẹrẹ̀. Adití ń bu omi sí i, kò wo ojú rẹ̀ rí.

Nígbà tí kọnkéré gbẹ, àbúrò Ìyá ló kọ́kọ́ gùn ún. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wúwo, níkọ̀ọ̀kan, táyà ń dún. Òkúta wà níta, ó ń retí àga tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó pọ̀n ọ́n.