Kafúrà Inú Epo Mọ́tò

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Ìsẹ́yìn, tí mọ́tò ṣì jẹ́ ohun tí à ń sáré jáde wò, èmi àti bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Aṣọ ìyàwó ni bàbá kó, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn ẹbí ìyàwó kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Kí àyè lè gbà wá, awakọ̀ sọ garawa epo tó yẹ kó gbé dání kalẹ̀. Ó wá tọrọ díẹ̀ nínú kafúrà tí bàbá fi sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, ó rún un, ó dà á sínú epo mọ́tò, ó ní kò ní jẹ́ kí epo tètè tán.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Lọ́jọ́sí tí mo lò ó, epo ṣì kù nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́."

A kò tíì rí Ọ̀yọ́ tí mọ́tò fi dákẹ́. Awakọ̀ ki ọ̀pá bọ inú táǹkì, gbígbẹ ló fà á jáde.

Mo ní, "Onímọ̀ kafúrà, ẹrù wo lo kó lọ́jọ́sí?"

"Ẹrù kẹ̀? Èmi nìkan ni."

Bàbá ń kó aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ká ní o ti sọ bẹ́ẹ̀ nílé, garawa yẹn là bá gbé, à bá fi tíṣà sílẹ̀."

Ó gbé aṣọ rù, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n ní oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tó wọlé. Èmi àti awakọ̀ jókòó ti mọ́tò, ó ń ṣàlàyé fún mi pé kafúrà ọ̀hún ló kéré.