Bí Ìyá Bàbá Mi Ṣe Dìde Lórí Ẹní

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọwọ́ mi kò tíì tó etí àmù tí a ń pọn omi sí nílé wa ní Èjìgbò, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní olónìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe rí gan-an.

Ìyá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, màmá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, aṣọ funfun ni ó sì máa ń wọ̀, nítorí Ògìyán ni ó ń sìn, bí ìyá tirẹ̀ ti sìn ín. Bàbá mi ní tirẹ̀ ti di ọmọ ìjọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni òun àti ìyá mi máa ń kó wa lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀dọ̀ màmá ni a ti ń jẹun.

Agbára ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Oko wa wà lójú ọ̀nà Ọlá, màmá á sì ru agbọ̀n iṣu láti ibẹ̀ wá sílé, á máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lọ lójú ọ̀nà bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Èmi rò pé irin ni wọ́n fi mọ egungun rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan lóko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n, ó ní kí òun gbé e sórí. Ṣe ni ó ké “Yéè!” ó sì fi ọwọ́ di ìdí mú. Iṣu dà sílẹ̀. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè nàró, kò sì lè jókòó. Bàbá mi fẹ́ gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kò ṣeé ṣe. Èjìká ìyá mi ni ó dì mú rìn délé. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó dé, àwọn tí a bá pàdé sì ń yà fún wa.

Màmá sọ pé ìrora náà dà bí ìgbà tí èèyàn ti iná bọ okùn kan láti ìdí, tí iná náà wá ń sáré gba ẹ̀yìn itan àti ojúgun lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ó bá wúkọ́, iná á tún jó. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ náà á kú tipiri. A fi ìpara ra á, a po àgbo. Bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì bá a wá sílé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan kan tó ti ẹ̀yìn wá ni nǹkan fún mọ́lẹ̀, ó fún un ní oògùn, ó ní ara yóò yá ṣùgbọ́n kò ní yá kíákíá. Oògùn náà jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń pẹ́ lórí ibùsùn ni ẹsẹ̀ náà ń le sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Àwọn àgbà ẹbí wọlé tọ bàbá mi wá.

“Òrìṣà ló ń bínú,” ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. “O kẹ̀yìn sí ilé baba rẹ, ìyá rẹ ló ń jìyà rẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà.”

Bàbá mi dorí kodò. Ṣé ìyá rẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀ ni, àbí ìgbàgbọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ohùn màmá jáde láti inú yàrá, ó le ju bí a ti rò lọ.

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀! Ògìyán mọ ilé mi. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀, èmi ni yóò sọ ọ́ fún.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Síbẹ̀, a mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ọdún Ògìyán ń bọ̀, kò sì sí ọdún kan tí kò dùbúlẹ̀ níwájú òrìṣà, kí ó yí sọ́tùn-ún, kí ó yí sósì, kí ó sì dìde. Bí ó bá lọ tí kò lè dìde ńkọ́? Kí ni àwọn èèyàn yóò sọ nípa ọmọ rẹ̀?

Ìyàwó kan wà ní agbo ilé kejì sí tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé. Ó wá kí màmá, ó kúnlẹ̀, ó bi í bí ìrora náà ṣe ń rìn. Bí màmá ti ń ṣàlàyé ni obìnrin náà ń mi orí.

“Ó ti mú mi rí, mà, lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì. Obìnrin kan ní ọsibítù wọn ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbìyànjú rẹ̀.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ìtọ̀ ń dá jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ kò gbé yín mọ́ rárá, ẹ má fi pamọ́ fún mi o. Ọsibítù ńlá ni a ó gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.”

Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ní kí màmá fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún méjèèjì sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kan wá síhà àyà, kí ó dá a dúró níbẹ̀ kí ó máa mí, kí ó sì dá a padà. Kí ó tún ṣe èkejì. Mo retí ohun ńlá kan, ìyẹn nìkan ni mo rí! Ṣùgbọ́n orúnkún náà kò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tí òógùn fi bo màmá lójú.

“Dúsúmáà, Màmá,” ni obìnrin náà ń wí. “Dúsúmáà.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa?”

“Jẹ́jẹ́ ni, mà. Bí àwọn tí a bá gbé lọ́hùn-ún ṣe ń pè é nìyẹn. Ibi tí ó bá ti fẹ́ dun yín ni kí ẹ ti dúró. A kì í bá a jà.”

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń wá. Màmá kì í ka iye ìgbà. Oríkì ìyá rẹ̀ ni ó máa ń kì wúyẹ́wúyẹ́, bí ó bá sì kì í tán ni yóò sọ orúnkún sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò rìn díẹ̀ yí àgbàlá po. Nígbà tó yá, ó ní iná náà kò dé ọmọ ìka mọ́. Lẹ́yìn náà, kò dé ojúgun. Ẹ̀yìn itan ni ó kù sí. Ìrora ń padà gba ọ̀nà tó bá wá! Inú obìnrin Àbíjàn náà dùn, ó ní bí ó ṣe máa ń lọ nìyẹn.

Àṣé ayọ̀ màmá ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó ń wò ó, ó gbé ọmọ odó, ó fẹ́ gúnyán. Iná ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó tún jó dé kókósẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjú sí ògiri.

“Ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ti parí.”

Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ká orúnkún tirẹ̀ sókè. Ìyá mi wò ó, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ni bàbá mi bá wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò oko rẹ̀, bàbá mi tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà. Òun náà fẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó fa orúnkún mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Màmá yíjú padà, ó rí wọn. Ẹ̀rín pa á títí ó fi ń bẹ ara rẹ̀ pé kí ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ sún, kí n ráàyè.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, bàbá mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ojúbọ. Kò wọlé, ó dúró ti ògiri lóde. Èmi tẹ̀ lé àwọn obìnrin wọlé. Màmá kúnlẹ̀, ó fara balẹ̀ dùbúlẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó padà sórí eékún, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn gan-an, ó sì dìde. Kò di ẹnikẹ́ni mú.

“Eépà!” ni àwọn obìnrin kígbe. Ara mi bù máṣọ. Mo ti rò pé agbára ni kí èèyàn gbé ẹrù tí ẹlòmíràn kò lè gbé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé agbára náà ni kí èèyàn dìde lórí ilẹ̀.

Nígbà tí a jáde, bàbá mi ti ṣí fìlà lórí. Màmá fi ọwọ́ kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, “Mo dìde, ọmọ mi.” Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì fún bàbá mi mọ́.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹsẹ̀ náà á tún fẹ́ ráhùn, òun náà á sì tún padà sórí ẹní.

Ayé ti yí padà. Ọ̀kadà ló ń ru iṣu láti Ọlá wá báyìí, àga ló ń ba ìbàdí àwọn ọmọ wa jẹ́ dípò agbọ̀n. Bí ìdí bá ro wọ́n, wọ́n á ra oògùn lójú pópó, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á tún sáré lọ. Èmi kò kórìíra oògùn; ọsibítù wa ti dára ju ti àtijọ́ lọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, bí ara àgbàlagbà kan bá ní òun kò lè yára, odindi ilé ni yóò dín ìrìn kù nítorí rẹ̀. Ọkọ á pẹ́ dé oko, iná ìdáná á pẹ́ ràn, kò sì sí ẹni tí yóò kùn. Ẹ wo ilé yín wò, ẹ̀yin ọmọ mi: ta ni ó lè ṣàìsàn níbẹ̀ lónìí, kí ẹ dúró dè é?