Àpótí Irinṣẹ́ Pọ́ọ́kú àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí láti Òkìtìpupa. Ó ní òun rí àpótí irinṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà òkè òkun, òòlù wà nínú rẹ̀, ayùn wà nínú rẹ̀, ẹ̀mú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé ẹni tó ń tà á ti sọnù sínú ìṣirò. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n rà á?"

Bàbá ló ń pè mí, torí àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí, bàbá tó bí i sì ti kú tipẹ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Irọ́ ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ju kí n sọ ọ́ lẹ́nu lọ, torí ìwé kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń gbọ̀n.

Bàbá ọmọ náà, àna mi, ọkọ̀ ló ń kàn. Ní gbogbo odò wa, láti Etikan dé Molutehin, bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ti gbó tí kò jò, ẹ béèrè ẹni tó kàn án. Bí àna mi bá gbá ìṣó wọ pákó, tí ẹnu ìṣó yọ lódìkejì, yóò tẹ ẹnu náà, yóò sì gbá a padà sínú pákó, kí ó lè bu igi ṣán níbẹ̀. Ìgbì lè na irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rẹ ìgbì fúnra rẹ̀. Ìṣó náà kò ní yọ.

Ilé kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Orí òpó la ń kọ́ ilé sí lórí omi, pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀ ilé, páànù ló wà lórí. Ẹni tó bá kọ́lé sí etí òkun Ìlàjẹ mọ̀ pé òkun yóò wá lọ́jọ́ kan; a ó tú ilé, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó lọ tún un tò sẹ́yìn. Nítorí náà, a kì í gbá ìṣó ilé wọlé tán. A máa ń fi orí rẹ̀ sílẹ̀ síta díẹ̀, kí ó lè ṣeé hú. Bí tíṣà láti òkè, ibi ilẹ̀ gbígbẹ, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí orí ìṣó fa aṣọ rẹ̀ ya, á ní àwọn káfíńtà wa kò mọṣẹ́. A máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Àna mi kọ̀ láti fi orí ìṣó sílẹ̀. Nígbà tó ń kọ́lé fún ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe ń kan ọkọ̀ ló ṣe kàn án, gbogbo ẹnu ìṣó ló tẹ̀ padà.

Mo ní, "Àna, bí òkun bá dé ńkọ́?"

Ó ní, "Kí òkun lọ wá ibòmíràn."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, iná àwọn elépo rọ̀bì tó ń jó lókèèrè lójú òkun ni a máa ń jókòó wò lẹ́yìn oúnjẹ, a sì rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni òkun kọjú sí, pé kò ráyè tiwa.

Ilẹ̀kùn nìkan ni àna mi kò kàn bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣe kẹ́yìn, àìsàn sì ti wọ ilé nígbà náà. Á kàn án díẹ̀, á sinmi, á tún kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti tẹ ẹnu ìṣó padà. Ó kàn gbá wọn wọlé, ó fi orí wọn sílẹ̀ síta bíi tàwa yòókù. Ó ní bí ara òun bá le, òun yóò padà wá tẹ̀ wọ́n. Ara rẹ̀ kò le.

Nígbà tí wọ́n pín ogún, àwọn àbúrò rẹ̀ ní Zion Pepe ló gba irinṣẹ́ rẹ̀, bó ti yẹ. Ìyàwó kì í jogún òòlù ọkọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì mi orí pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò rò pé obìnrin tó ń yan ẹja yóò nílò ohun tí wọ́n fi ń hú ìṣó?

Òkun kò pariwo nígbà tó dé. Ó kọ́kọ́ mú ibi tí a ń sá ẹja sí. Nígbà tó yá, ó mú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ilé tó wà níwájú, ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, títí ilé ẹ̀gbọ́n mi, tó wà láàárín ìlú nígbà tí a kọ́ ọ, fi di ilé iwájú.

Ọmọ rẹ̀ wá láti Òkìtìpupa, ó ní kí ìyá òun wá máa gbé pẹ̀lú òun nínú ilé bíríkì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi? Lórí ilẹ̀ tí kì í mì? Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mi ò gbọ́ omi lábẹ́ mi, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé mi ò tíì kú?"

Àdéhùn tí wọ́n wá ṣe ni pé kí a tú ilé náà. Bí pákó rẹ̀ bá yè, a ó tún un tò sí etí odò lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì wà lórí omi wa títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Bí pákó kò bá yè, kò sí pákó mìíràn, òkè ló ń lọ nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ sí Zion Pepe pé kí wọ́n yá wa ní irinṣẹ́ àna mi. Wọ́n ní kí a má bínú, òkun ti dé ẹnu ọ̀nà tiwọn náà, òun ni wọ́n fi ń tú ilé. Kò sí káfíńtà kankan tó ráyè. Irinṣẹ́ gidi kò sí fún yíyá lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń sá.

Ìgbà náà ni Alhaji wọ odò wa. Mùsùlùmí oníṣòwò ni, èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà létí omi, ọkọ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń ké pé, "Ẹ wá wo ọjà òkè òkun! Owó ti wó lulẹ̀!"

Mo gbé òòlù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ìpékeré. "Alhaji, irin nìyí àbí bébà?"

"Irin ni. Fi eyín bù ú wò."

"Ẹja ni mo tọ́jú ìwọ̀nba eyín tó kù sí mi lẹ́nu fún."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí àpótí náà, ike pupa, nǹkan kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ sí àyè tirẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Já a wálẹ̀ sí i, Alhaji."

"Màmá, bí mo bá tún já a, ẹ ó kó èmi náà mọ́ ọn ni."

"Kí n fi ọ́ ṣe kí ni? O ò ní wúlò tó òòlù yìí."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí n má tàn yín. Ẹni tó fẹ́ tún àga ṣe ni nǹkan wọ̀nyí wà fún. Kì í ṣe ilé ọkọ yín yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o ní èyí tó le jù ú lọ nínú ọkọ̀ rẹ?"

Kò ní. Ẹ̀gbọ́n mi rà á.

A bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí omi ti fà. Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo bẹ̀rù òkun. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, inú ọkọ̀ ni wọ́n bí mi sí, odò kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òkun bá hó lásán, mo ti ń wá nǹkan dì mú. Bí ìgbì bá ti gbá ìsàlẹ̀ ilé, mo ti dì mọ́ òpó.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Àbúrò mi, ṣé ò ń hú òpó yẹn ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ra yín?"

"Mo ń wo bó ṣe nípọn tó ni."

"Tí o fi dijú?"

Mo fi òpó sílẹ̀, mo mú irin gígùn inú àpótí, èyí tí wọ́n fi ń hú ìṣó. Mo ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ pákó, mo tẹ̀ ẹ́, mo rí i pé nǹkan ń lọ. Inú mi dùn, mo rò pé pákó ló ń dìde. Irin ló ń tẹ̀. Mo gbé òòlù, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ fò sómi, igi rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba. Ayùn kan ìṣó, eyín rẹ̀ ká bíi tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹ̀mú, ó rọ̀ mọ́ ìṣó kan, ó fà á títí ẹnu ẹ̀mú fi là. Ìṣó náà wà níbi tí ọkọ rẹ̀ fi í sí. Ilé náà kò mira fún wa, àfi nígbà tí òkun bá gbá a.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dán ilẹ̀kùn wò."

Irin tó ti tẹ̀ yẹn náà ni mo fi hú u. Ìṣó àkọ́kọ́ yọ wẹ́rẹ́. Èkejì yọ. Gbogbo èyí tó so ilẹ̀kùn àti igi tó yí i ká mọ́ ògiri yọ, kò sí èyí tó bá wa jà. A gbé ilẹ̀kùn náà dúró láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan orí àwọn ìṣó tó kù lára pákó rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ nìyí nígbà tó rẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó sílẹ̀. Kò gbé ẹ̀mú mọ́.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún lọ́sàn-án, a gbé ilẹ̀kùn sínú ọkọ̀, a wa ọkọ̀ lọ sínú odò lẹ́yìn, a dúró. Bí òkun bá mú ilé àwọn ẹlòmíràn, ńṣe ló máa ń fọ́, àwọn ènìyàn á sì máa ṣa pákó rẹ̀ lójú omi. Ẹni tí kò bá rí ilé tú á rí nǹkan ṣa. A gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Òpó iwájú ṣẹ́, ti ẹ̀yìn ṣẹ́, mo sì na ọwọ́ mú àjẹ̀. Ilé náà kò fọ́. Ó gbéra lódindi pẹ̀lú páànù rẹ̀ lórí, ó léfòó bí ọkọ̀, ó rọra yí ojú padà sí wa, ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó sì lọ. Ó lọ jìnnà kí ó tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pákó kan ṣoṣo kò já lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde dúró nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ó kàn án dáadáa."

Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Mo ní omi òkun ló ta sí mi lójú.

Ó ní, "Òkun jìnnà síbí, àbúrò mi."

Ó mú àdéhùn ṣẹ, ó lọ sí Òkìtìpupa. Ó gbé ilẹ̀kùn náà dání. Yàrá tí wọ́n fún un ti ní ilẹ̀kùn irin, nítorí náà ó fi tirẹ̀ ti ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá lọ kí i, kì í bi mí léèrè ìyàwó, kì í bi mí léèrè ọmọ. "Ṣé omi ti fà?" ni ó máa ń bi mí. Mo máa ń sọ bí omi ṣe wà nígbà tí mo kúrò nílé, á dijú gbọ́ ọ. Lódún yìí ó kú síbẹ̀, wọ́n sì sin ín sínú ilẹ̀ pupa tí kì í mì.

Ọmọ rẹ̀ ló wá fẹ́ yọ ilẹ̀kùn irin yẹn kúrò báyìí, kí ó fi ti ìyá rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó ní ti ìyá òun kúrú, ó nílò igi díẹ̀ lórí àti lábẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi, rà á. Alhaji kò tàn wá: irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó fún iṣẹ́ kékeré, ilẹ̀kùn yẹn nìkan sì ni iṣẹ́ tó kù. Di òòlù náà mú nítòsí orí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú rẹ. Bí irin ìhúṣó inú rẹ̀ bá tẹ̀, mo ní èyí tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílé, mi ò jù ú nù, n ó mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n o ó rí orí àwọn ìṣó kan tó yọ síta lára pákó náà, ọwọ́ rẹ yóò sì fẹ́ gbá wọn wọlé. Fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ń padà bọ̀ wá tẹ̀ wọ́n.